Bẹ́ ẹ Ṣe Lè Ka Ìtàn Ìjìyà Jésù Kẹ́ ẹ sì Rí Èèyàn Tó Wà Nínú Ẹ̀

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ó pẹ́ gan-an tí mo fi ń ka ìtàn ikú Jésù bí ẹni tó ń wo fíìmù tó ti wò lẹ́ẹ̀mẹwàá. Mo ti mọ̀ pé ọjọ́ kẹta ń bọ̀, mo ti mọ̀ pé òkúta máa yí kúrò lẹ́nu ibojì, torí náà tí mo bá ti dé Gẹtisémánì, ọgbà tó ti gbàdúrà lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú un, eré ni mo máa ń sá kọjá, màá ní ṣebí ó mọ̀ pé òun máa jí dìde, kí ló wá ń bà á lẹ́rù níbẹ̀. Ìgbà tí mo wá ń kọ́ àwọn ọmọdé kan ní Bíbélì lọ́jọ́ kan, mo sọ fún wọn pé ẹ̀rù ò ba Jésù rárá, ọ̀kan nínú wọn wá nawọ́, ó ní "Tẹ́rù ò bá bà á, kí ló dé tó fi dojú bolẹ̀?" Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ní ká dìde ká kọrin.

Àtìgbà yẹn ni mo ti yí bí mo ṣe ń kà á padà, bí mo ṣe ń ṣe é báyìí ni mo fẹ́ kọ síbí. Kì í ṣe ìwàásù o. Ọ̀nà tẹ́ ẹ lè gbà kà á ni, yálà ẹ fẹ́ fi kọ́ àwọn ẹlòmíì ni, àbí ẹ fẹ́ kà á fún ara yín, àbí nǹkan kan ń ṣe yín lọ́wọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tẹ́ ẹ ń gbàdúrà sí mọ bó ṣe rí.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

Kò pọ̀. Bíbélì, bírò, ìwé tẹ́ ẹ lè kọ nǹkan sí, àti bíi wákàtí méjì tẹ́nikẹ́ni ò ní pè yín. Tó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń ka Bíbélì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa dátà, torí mo mọ ara mi, mo sì mọ ẹ̀yin náà.

Ìwé Máàkù ni kẹ́ ẹ lò. Mo mọ̀ pé Jòhánù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ nínú Jòhánù gbọn-in ni Jésù dúró látòkè délẹ̀, kò tiẹ̀ sí àdúrà ìnira inú ọgbà yẹn níbẹ̀, nígbà tí wọ́n wá mú un tó ní "Èmi nìyí," àwọn tó wá mú un ló ṣubú lulẹ̀. Máàkù ni ò fi nǹkan kan bò. Ìwé ẹ̀ ló kúrú jù nínú ìwé Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀mọ̀wé sì gbà pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Orí 14 àti 15 ni iṣẹ́ wa wà, ẹsẹ 119 péré, tẹ́ ẹ bá kà á sókè kò lè tó wákàtí kan.

Kẹ́ ẹ kà á sókè o. Tí ojú bá ń kà á ní jẹ́jẹ́, ibi tẹ́ ẹ ti mọ̀ lójú máa ń fò, àmọ́ ẹnu kì í lè fò bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì da ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àṣìṣe tí gbogbo wa máa ń ṣe nìyẹn, a máa mú gbólóhùn kan látinú Lúùkù, méjì látinú Jòhánù, a ó wá tò ó pọ̀ mọ́ ti Máàkù, ìgbà tá a bá fi máa ṣe tán, ọkùnrin tí Máàkù ń fi hàn wá ti sọnù sínú ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá ara ẹ̀

Kẹ́ ẹ tó dé orí 14, ẹ ṣí ojú ewé kan, kẹ́ ẹ kọ "ARA" sókè ẹ̀. Ẹ wá máa kọ gbogbo ibi tí ara Jésù ti hàn sísàlẹ̀. Níbí, ẹ lè wá a káàkiri inú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò séwu. Ó rẹ̀ ẹ́ nídìí kànga Jákọ́bù, ó jókòó, ó ní kí obìnrin ará Samáríà fóun lómi mu (Jòhánù 4). Ó sùn lọ fọnfọn lórí ìrọ̀rí nínú ọkọ̀ ojú omi, ìjì ń jà, kò jí, àwọn ni wọ́n jí i (Máàkù 4:38). Ebi pa á. Inú bí i débi pé ó wo àwọn èèyàn yíká, ìbànújẹ́ sì bá a lẹ́ẹ̀kan náà (Máàkù 3:5). Ẹnu yà á sí àìgbàgbọ́ àwọn ará ìlú ẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé káfíńtà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ó bèèrè ìbéèrè, "Ta ló fọwọ́ kan aṣọ mi?" Ó sunkún níbi ibojì Lásárù.

Ẹ má pẹ́ jù níbẹ̀. Ohun tí mo kàn fẹ́ ni pé tẹ́ ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń na ẹnì kan, kẹ́ ẹ mọ̀ pé ara yẹn náà ló ń rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tébi ń pa, tó ń sùn.

Ìgbà wo ló pinnu?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé inú ọgbà ló ti pinnu láti kú. Rárá. Ẹ padà sí Máàkù 8:31. Àríwá pátápátá ni wọ́n wà nígbà yẹn, lágbègbè Kesaréà Fílípì, ó jìnnà sí Jerúsálẹ́mù dáadáa, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ sọ ọ́ gbangba pé wọ́n máa pa òun. Pétérù fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí irú ẹ̀ má ṣẹlẹ̀. Jésù wá dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó le jù tí ẹnikẹ́ni máa ń sọ sí ọ̀rẹ́, "Kúrò lẹ́yìn mi, Sátánì." Mo ti máa ń rò ó pé kí ló dé tó fi gbaná jẹ bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ Pétérù dùn létí ni. Tí ọ̀rọ̀ yẹn ò bá fà á rárá, ì bá rẹ́rìn-ín ni, kó máa lọ. Àmọ́ nǹkan tí Pétérù ń sọ, ara Jésù fúnra ẹ̀ fẹ́ ẹ, ohun tó sì sọ náà nìyẹn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú un.

Ó tún sọ ọ́ ní orí 9:31, ó tún sọ ọ́ ní 10:33. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé yín, kẹ́ ẹ tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ máa rí i pé bó ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀ ló túbọ̀ ń sọ ọ́ kínníkínní: ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó ti ń sọ pé wọ́n máa fi òun ṣẹ̀sín, wọ́n máa tutọ́ sí òun lára, wọ́n máa na òun ní pàṣán. Èèyàn tó bá ń sá fún ọ̀rọ̀ kì í wò ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá fi bírò fa ìlà sábẹ́ Máàkù 10:32. Wọ́n wà lójú ọ̀nà, wọ́n ń gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù, Jésù ló ń lọ níwájú wọn, ẹnu ń ya àwọn tó ń tẹ̀ lé e, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Jẹ́ríkò ni wọ́n máa gbà kọjá. Láti Jẹ́ríkò dé Jerúsálẹ́mù, nǹkan bíi kìlómítà 25 ni, òkè ni gbogbo ẹ̀, torí Jẹ́ríkò wà nísàlẹ̀ ju ojú òkun lọ ní bíi mítà 250, Jerúsálẹ́mù sì wà lókè ẹ̀ ní bíi mítà 750. Ẹgbẹ̀rún mítà gbáko ni wọ́n fẹsẹ̀ gùn láàárín aṣálẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ pa ló wá ń rìn níwájú! Èmi ì bá máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lẹ́yìn ni, kí n máa tún okùn bàtà so.

Lúùkù náà sọ ọ́ ní ọ̀nà tiẹ̀ ní 9:51. Gíríìkì tó lò níbẹ̀ dà bí ìgbà téèyàn bá mú ojú ẹ̀ le síbì kan tí kò yẹ̀ ẹ́ mọ́, ó sì jọ ohun tó wà nínú Àìsáyà 50:7, ibi tí ìránṣẹ́ Ọlọ́run ti ní òun ti ṣe ojú òun bí òkúta líle. Nínú Lúùkù kan náà, orí 12:50, ó tún sọ pé ìrìbọmi kan wà tí òun máa ṣe, ara sì ń ni òun títí tó fi máa parí. Ẹ wo méjèèjì pa pọ̀. Ojú ẹ̀ le bí òkúta, ara sì ń ni ín nínú. Ẹni kan náà, ìrìn àjò kan náà.

Ohun mìíràn tí kò yẹ kẹ́ ẹ fò: Jésù kì í ṣe ẹni tó ń wá ikú kiri o. Ó sá fún un láìmọye ìgbà. Ní Násárétì wọ́n fẹ́ tì í láti orí òkè, ó gba àárín wọn kọjá lọ. Wọ́n ṣa òkúta láti sọ lù ú nínú tẹ́ḿpìlì, ó fara pa mọ́ (Jòhánù 8:59). Lẹ́yìn tó jí Lásárù dìde tí wọ́n ń dìtẹ̀ ẹ̀, kò rìn ní gbangba mọ́, ìlú kan lẹ́bàá aṣálẹ̀ ló lọ (Jòhánù 11:54). Torí náà ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń sá ni, tó ti sá rí, tó wá débi tó ní òun ò sá mọ́.

Gẹtisémánì, ibi tẹ́ ẹ ti máa jókòó pẹ́

Tẹ́ ẹ bá ní wákàtí méjì, ẹ fún ibí yìí ní ìdajì ẹ̀. Máàkù 14:32 sí 42. Ẹsẹ mọ́kànlá.

Ẹ kọ́kọ́ fojú inú wo ibẹ̀. Orúkọ yẹn, ibi tí wọ́n ti ń fún òróró ló túmọ̀ sí, ìsàlẹ̀ Òkè Ólífì ló wà. Àfonífojì Kídírónì ló wà láàárín ibẹ̀ àti ìlú, tó jẹ́ pé odi Jerúsálẹ́mù wà lọ́ọ̀ọ́kán níwájú ẹni tó bá jókòó síbẹ̀. Àkókò Ìrékọjá ni, Ìrékọjá sì máa ń bọ́ sí ìgbà tí òṣùpá bá kún, torí náà kì í ṣe òkùnkùn biribiri tá a máa ń rí nínú àwòrán, òṣùpá àrànmọ́jú ni. Jòhánù ní àwọn tó wá mú un gbé ògùṣọ̀ àti fìtílà dání. Ẹ ronú ẹ̀, ogunlọ́gọ̀ èèyàn tó gbé iná dání, tí wọ́n ń ti ìlú bọ̀, tí wọ́n ní láti kọjá àfonífojì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀? Òkè. Tó bá gùn ún kọjá, Bẹ́tánì ló máa bọ́ sí, níbi tó ti ń sùn lọ́sẹ̀ yẹn, Jòhánù sọ pé kò ju sítádíọ̀nù 15 lọ sí Jerúsálẹ́mù, bíi kìlómítà mẹ́ta. Lẹ́yìn Bẹ́tánì aṣálẹ̀ Jùdíà ló kù, ẹni tó bá sì wọ ibẹ̀ lóru kò rọrùn láti rí. Kò sẹ́ni tó so ó mọ́lẹ̀. Wákàtí yẹn tó fi ń gbàdúrà, kò sẹ́ni tó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí yé mi, mo pa Bíbélì dé, mo kàn jókòó. Nítorí gbogbo ìṣẹ́jú tó lò nínú ọgbà yẹn, ó lè dìde kó máa lọ sílé ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Ẹ wá ka ẹsẹ 33 àti 34 díẹ̀díẹ̀. Máàkù ní ìpayà bá a, ọkàn ẹ̀ dàrú. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó lò fún ìpayà yẹn, òun náà ló tún lò ní orí 16 fún àwọn obìnrin tó wọ ibojì tí wọ́n bá ọ̀dọ́mọkùnrin aláṣọ funfun níbẹ̀, bí ẹni tí nǹkan já lù. Jésù fúnra ẹ̀ wá sọ ọ́ jáde: ọkàn mi bàjẹ́ gidigidi, títí dé ojú ikú. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣàkíyèsí pé ó SỌ ọ́, ó sọ ọ́ fún Pétérù àti Jákọ́bù àti Jòhánù. Kò ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ó tún ní kí wọ́n dúró ti òun. Ẹni tó rìn lórí omi ń bẹ apẹja mẹ́ta pé kí wọ́n má sùn.

Wọ́n sì sùn.

Ẹ má sáré bínú sí wọn o, òru ti lọ, wọ́n ti jẹun, ó ti rẹ̀ wọ́n. Àmọ́ ẹ gbọ́ bó ṣe pe Pétérù: "Símónì, ṣé o ń sùn ni? Ṣé o ò lè ṣọ́nà fún wákàtí kan?" Símónì ló pè é, orúkọ àtijọ́, kì í ṣe Pétérù tó fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bọ̀. Àwọn kan máa ń fi ìlọ yẹn ṣàpẹẹrẹ ìforítì nínú àdúrà, ó dáa, àmọ́ ohun tí mo rí níbẹ̀ ni ẹni tí kò lè dúró lójú kan. Ó lọ gbàdúrà, ó wá wo ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó padà, ó tún wá. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún èèyàn ẹ̀ mọ irú ìrìn yẹn.

Ní báyìí ẹ gbé bírò. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ àdúrà inú ẹsẹ 36 sílẹ̀, kẹ́ ẹ pín in sí ìlà mẹ́ta:

Ábà, Baba, kò sí ohun tí o ò lè ṣe.
Gba ife yìí kúrò lọ́wọ́ mi.
Síbẹ̀, kì í ṣe ohun tí mo fẹ́, ohun tí ìwọ fẹ́ ni.

Ìlà kìíní, ohun tó gbà gbọ́. Ìlà kejì, ohun tó fẹ́. Ìlà kẹta, ohun tó yọ̀ǹda. Gbogbo wa la mọ ìlà kẹta sórí, a sì máa ń ka ìlà kejì bí ẹni ń ka nọ́ńbà fóònù. Ẹ dúró síbẹ̀. Kò fẹ́ ẹ. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn, kò ṣeé yí. Ẹni tí kò bá gbà pé Jésù fẹ́ kí ife yẹn, ìyẹn ìyà àti ikú tó ń bọ̀, kọjá, ìlà kẹta ò ní ìtumọ̀ kankan lọ́wọ́ ẹ̀, torí kí lèèyàn ń yọ̀ǹda tí kò bá sí ohun tó ń fẹ́? "Ábà" yẹn náà, èdè Árámáíkì ni, èdè tí wọ́n ń sọ nínú ilé. Gíríìkì ni Máàkù fi ń kọ̀wé, àmọ́ nígbà tó débẹ̀ ó fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀.

Kò tiẹ̀ sí ibi tí ìtàn yìí ti ń dójú ti àwọn Kristẹni àtijọ́ tó ibẹ̀. Ní ọ̀rúndún kejì, onímọ̀ ọgbọ́n orí kan tó ń jẹ́ Celsus bú u, ó ní irú Ọlọ́run wo ló ń ké tó ń bẹ̀bẹ̀ kí ikú má pa òun. Ojú tí ayé fi ń wo akọni nígbà yẹn ni ojú Socrates, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì, tí wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún ní Áténì ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Jésù, tó gba májèlé lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn tó sì mu ún. Tí wọ́n bá fẹ́ tún ìtàn Jésù ṣe kó lè dọ́gba pẹ̀lú tiẹ̀, ó rọrùn, kí wọ́n kàn pa ẹsẹ mọ́kànlá yẹn rẹ́. Wọn ò pa á rẹ́. Ìdí kan tó mú kí n gbà á gbọ́ nìyẹn, ká má tàn ara wa, èèyàn kì í fi ẹnu ara ẹ̀ dá irú ìtàn báyìí sílẹ̀ nípa olúwa ẹ̀.

Òógùn tó dà bí ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Lúùkù 22:43 sí 44 nìyẹn wà, pẹ̀lú áńgẹ́lì tó wá fún un lókun. Kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹsẹ méjèèjì ò sí nínú àwọn kan lára ìwé àfọwọ́kọ tó pẹ́ jù, ó sì wà nínú àwọn míì, ìdí nìyẹn tí àwọn Bíbélì kan fi fi àmì sí i. Lúùkù ní òógùn ẹ̀ *dà bí* ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àríyànjiyàn yẹn gba àkókò yín, ti Máàkù ti tó.

Ìparí ibẹ̀ wá ni ẹsẹ 42. Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì: "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹ wò ó, ẹni tó máa fi mí lé wọn lọ́wọ́ ti dé tán." Kò sí ohùn kankan tó ti ọ̀run wá nínú ọgbà yẹn nínú Máàkù. Baba ò fèsì. Ẹni tó dojú bolẹ̀ ṣáájú ló dìde yẹn, kò sì lọ sẹ́yìn, iwájú ló kọrí sí.

Kòtò méjì tó wà lójú ọ̀nà

Tẹ́ ẹ bá ń fi kọ́ èèyàn, ẹ máa bọ́ sí ọ̀kan nínú méjì tí ẹ ò bá ṣọ́ra. Àkọ́kọ́ ni "ó jẹ́ Ọlọ́run, kò dùn ún." Ìkejì ni "ó kàn jẹ́ èèyàn dáadáa tí wọ́n rí mú." Àkọ́kọ́ yẹn ló wọ́pọ̀ jù láàárín àwa tá à ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti pẹ́. Kò tíì tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú Jésù tí àwọn kan ti ń sọ pé ara tó gbé wọ̀ kì í ṣe ara gidi. Ignatius, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, tí wọ́n ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ mú lọ sí Róòmù láti lọ pa, dá wọn lóhùn nínú lẹ́tà tó kọ lójú ọ̀nà pé tó bá jẹ́ pé Jésù kàn ṣe bí ẹni ń jìyà ni, kí ni ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ òun wà fún. Ní 451 àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Kálísídónì wá sọ ọ́ pé Ọlọ́run tòótọ́ ni, èèyàn tòótọ́ ni, ìkan ò gbé ìkan mì.

Èyí tó kàn mí jù ni ti Maximus, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn kan ní ọ̀rúndún keje. Àwọn aláṣẹ Kọnstantinópù, olú ìlú Róòmù apá ìlà oòrùn, fẹ́ kí gbogbo èèyàn gbà pé ìfẹ́ inú kan ṣoṣo ni Jésù ní, ti Ọlọ́run. Maximus ní rárá, ẹ lọ ka àdúrà Gẹtisémánì, "kì í ṣe ohun tí mo fẹ́," ta ni "mo" yẹn? Ó ní Jésù ní ìfẹ́ inú tèèyàn pẹ̀lú, ìfẹ́ inú yẹn ló sì tẹrí ba. Ní 662 wọ́n gé ahọ́n ẹ̀, wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀, kó má bàa sọ ọ́ mọ́, kó má sì kọ ọ́. Àgbàlagbà tó ti lé ní 80 ọdún. Ọdún yẹn náà ló kú nígbèkùn. Nígbà tó di 680 sí 681, àpérò míì ní ìlú yẹn kan náà gbà pé ohun tó sọ lòótọ́. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀ ìlà kejì yẹn gùn jù, ẹ rántí pé ẹnì kan pàdánù ahọ́n ẹ̀ torí ẹ̀.

Lẹ́yìn ọgbà

Láti ibí ẹ lè máa yára díẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni màá fún yín: ẹ máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti ẹsẹ 43 lọ. Àwọn olórí àlùfáà ń bẹ̀rù àwọn èèyàn, ìdí tí wọ́n fi wá lóru nìyẹn. Gbogbo ọmọ ẹ̀yìn sá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sá níhòòhò, ó fi aṣọ sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Pétérù ń bẹ̀rù ìránṣẹ́bìnrin. Pílátù, ẹni tó ṣe gómìnà Jùdíà fún Róòmù láti 26 sí 36, tí wọ́n rí orúkọ ẹ̀ lára òkúta kan ní Kesaréà etí òkun ní 1961, ńṣe ló ń wá bó ṣe máa tẹ́ ogunlọ́gọ̀ lọ́rùn. Ẹ wá wá orúkọ Jésù nínú lísìtì yẹn. Kò sí. Ẹni tí ẹ̀rù bà ju gbogbo wọn lọ nínú ọgbà ni ẹ̀rù ò bà mọ́. Máàkù tiẹ̀ fi Pétérù àti Jésù sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: lókè wọ́n bi Jésù pé ṣé ìwọ ni Kristi, ó ní èmi ni, nísàlẹ̀ nínú àgbàlá wọ́n bi Pétérù, ó ní mi ò mọ̀ ọ́n. Pétérù ló sùn nígbà àdúrà.

Níbi àgbélébùú, Máàkù ò ṣàlàyé púpọ̀, "wọ́n kàn án mọ́ àgbélébùú" ló kàn sọ, torí àwọn tó ń kà á nígbà yẹn ti rí i rí. Àwa ò rí i. Ní 1968 wọ́n rí egungun gìgísẹ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n kàn mọ́gi ní Jerúsálẹ́mù ní nǹkan bí àkókò yẹn, ìṣó irin ṣì wà nínú egungun náà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi bírò sàmì sí ni 15:23. Wọ́n fún un ní wáìnì tí wọ́n pò mọ́ òjíá, irú èyí tó ń mú kí ara kú díẹ̀. Kò gbà á. Ní wákàtí bíi mélòó kan sẹ́yìn ó ń bẹ̀bẹ̀ kí ife kan kọjá, ní báyìí wọ́n gbé ife tó lè jẹ́ kó rọ̀ ọ́ lọ́rùn wá, ó ní rárá.

Tẹ́ ẹ bá dé "Ọlọ́run mi, Ọlọ́run mi, èéṣe tí o fi kọ̀ mí sílẹ̀," ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bá a tún un ṣe. Lóòótọ́ ìbẹ̀rẹ̀ Sáàmù 22 ni, lóòótọ́ Sáàmù yẹn parí sí ìyìn, mo ti gbọ́ àlàyé yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ló ké jáde, kì í ṣe ìparí. Ẹ wò ó pé kò sọ pé "Ábà" mọ́, "Ọlọ́run mi" ló sọ. Síbẹ̀ "mi" ṣì wà níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni nǹkan ń ṣe

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ka èyí torí àìsàn, tàbí torí ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ. Ẹ gba ìwé, kẹ́ ẹ kọ àdúrà tiyín ní ìlà mẹ́ta yẹn. Ẹ kọ ìlà kejì gbọọrọ bó ṣe wà nínú yín, tó bá gba ojú ewé mẹ́rin kó gbà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ìlà kẹta bọ̀ yín lẹ́nu kẹ́ ẹ tó sọ ìkejì tán, Jésù fúnra ẹ̀ sọ tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Tó bá sì jẹ́ pé èèyàn kan ló ń fìyà jẹ yín nínú ilé, tí wọ́n wá ń fi Gẹtisémánì sọ pé kẹ́ ẹ fara dà á, ẹ rántí Násárétì, ẹ rántí Jòhánù 8:59. Ó kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo òkúta tí wọ́n bá ṣà ni ife tí Baba gbé wá.

Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló ń jìyà, tẹ́ ẹ lọ jókòó tì í, iṣẹ́ tí Jésù bẹ àwọn mẹ́ta yẹn ni kẹ́ ẹ ṣe: ẹ má sùn. Kò ní kí wọ́n wàásù.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa dúró nìkan ló kù. Ẹ má wọ orí 16 lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín láti ṣí i. Ẹ dúró ní 15:47, níbi tí Màríà Magidalénì àti Màríà ìyá Jósè ti ń wo ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Àwọn obìnrin yẹn ò mọ̀ pé orí 16 wà. Ẹ pa Bíbélì dé síbẹ̀, kẹ́ ẹ lọ sùn, kẹ́ ẹ ṣí i padà ní ọjọ́ kejì.